Pákó Tí Má-kánjú Jó

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kì í sáré, ẹ wá káfíńtà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-kánjú. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń fi ayùn ọwọ́ gégi, kò sì sẹ́ni tó lè ní iṣẹ́ rẹ̀ wọ́. Nígbà tó rí i pé ayé ń lọ síwájú, òun náà ra ẹ̀rọ agégi tí kọ̀ǹpútà ń darí. Bíìtì kan tó ń yí bí òòyì ló ń gé pákó. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa tẹ iye ìgbà tí bíìtì yóò yí ní ìṣẹ́jú kan, àti bí yóò ṣe yára tó bó ṣe ń rìn lórí pákó.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà gbà ni àpótí ìwé fún ilé-ìwé kan. Má-kánjú ra páláìwúùdù méjìlá lọ́wọ́ Ìyá Onípákó. Ìyá yìí kì í ṣe àjèjì sí i o. Ìyàwó ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Ọdún mẹ́fà ló fi gbélé wọn, tí ìyá náà ń bọ́ ọ bí ọmọ.

Ó gbé pákó kan sórí ẹ̀rọ. Ó tẹ ẹgbàá méjìlá fún yíyí bíìtì, torí ó rò pé bó bá ṣe ń yára yí tó ni yóò ṣe mú tó. Ó wá ní kó máa rìn ní mítà kan péré ní ìṣẹ́jú, kó máa yọ́ lọ. Ṣebí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àfi bí èéfín ṣe rú tùù! Etí pákó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Inú bí i. Kò wo ẹ̀rọ, kò wo ara rẹ̀. Ó kó mọ́kànlá tó kù sínú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Onípákó. Káfíńtà mẹ́ta ń yan pákó lọ́wọ́ níbẹ̀.

"Màmá, irú pákó wo lẹ tà fún mi yìí? Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ti bàjẹ́! Bí ọjà bá ti ju agbára yín lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì!"

Ìyá náà nawọ́ sí àwọn pákó tó tò jọ. "Ó dáa," ló wí. "Sọ ìyẹn kalẹ̀, kó o mú èyí tó bá wù ẹ́."

Ó mú mọ́kànlá mìíràn. Ó gbé ìkan sórí ẹ̀rọ, èéfín tún rú. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u. Ó ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu eruku abẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ìka ra á. "Bàbá, ṣé ẹ ń gé pákó ni, àbí ẹ ń lọ̀ ọ́? Bíìtì tó bá ń yí fòò tí kò rìn, ojú kan náà ló máa ń ha títí á fi gbóná. Ẹ jẹ́ kó máa bù ú jẹ."

Ó dín yíyí kù sí ẹgbàá mẹ́jọ, ó sọ ìrìn di mítà mẹ́rin ààbọ̀. Pákó àkọ́kọ́, èyí tó jó, ló gbé síbẹ̀. Má-kánjú dijú. Ohùn ẹ̀rọ yí padà; èérún igi ń tú jáde, kò sí èéfín. Etí pákó mọ́ tónítóní.

"Pákó yìí mà dáa o! Ta ló tà á fún yín?" ni obìnrin náà béèrè.

Ìyàwó Má-kánjú, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìṣó nílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò gba ọ̀dọ̀ Ìyá Onípákó kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ ní, "Mo gbọ́ pé àwọn kan ti yẹra fún ọjà Màmá. Wọ́n ní ìwọ lo sọ pé kò dáa. Ẹnu tó lé wọn, ṣé kò lè pè wọ́n padà ni?"

Ó lọ. Ó kọjá níwájú ọgbà tí Ìyá Onípákó ti ń ta pákó lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó rí èrò. Ìgbà tó dá páropáro ló tó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo jó pákó yín. Mi ò mọ ẹ̀rọ lò."

"Mo gbọ́," ni ìyá náà wí. "Àmọ́ àwa méjì nìkan kọ́ la wà níbí lọ́jọ́ yẹn. Jókòó."

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí àwọn káfíńtà mélòó kan dé, títí kan àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyá náà fi orí júwe wọn fún un. Má-kánjú dìde. Ó tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán: èébú tó bú Màmá, irọ́ tó pa mọ́ pákó, ọjọ́ mẹ́ta tó fi sá pamọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ kò lanu gbé Má-kánjú mì.

Ìyá náà mú ṣọ́ọ̀kì. "Nọ́ńbà wo ni kì í jó pákó?"

Ó sọ ọ́. Ìyá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ páláìwúùdù, kí àwọn tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè rí i. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Bí oníbàárà bá béèrè ẹni tó sọ nọ́ńbà náà, ìyá náà á ní, "Ọmọ mi kan ni. Ó kọ́kọ́ fi pákó mi kọ́gbọ́n ná."

Bí Má-kánjú bá wà níbẹ̀, etí rẹ̀ á gbóná. Síbẹ̀ ó ń gbọ́ "ọmọ mi" yẹn dáadáa.