Ọ̀dà Búlúù Kọjá Ààlà

Ààrin afárá tó so ìlú méjì pọ̀ gan-an ni ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì wà. Lọ́dọọdún, ìlú kọ̀ọ̀kan máa ń kun irin apá tirẹ̀, ti ìhín ní búlúù, ti ọ̀hún ní yẹ́lò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ló máa fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Ilé iṣẹ́ ìlú méjèèjì ti kógbá sílé, àmọ́ ẹnu wọn ò kógbá sílé rárá.

Lọ́dún yìí, Ìyá Ọlọ́dà, ọ̀gá àwọn oníbúlúù, ló kọ́kọ́ parí. Ó yíjú kó bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́, ló bá rí àbúrò rẹ̀, ọ̀gá àwọn oníyẹ́lò, tó jókòó sórí agolo òfìfo.

"Ọ̀dà ti tán, ẹ̀gbọ́n mi. Ìjọba wa ní kò sówó."

Yẹ̀yẹ́ kú sí i lẹ́nu. Ó gbé búlúù tó ṣẹ́ kù, ó kọjá ààlà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo afárá ti ń dán gbinrin.

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun o! Ẹ ti kùn ún ní búlúù, ó di tiyín. Tó bá dógùn-ún, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe."

"A gbà!" ni Ìyá Ọlọ́dà pariwo. "Ṣùgbọ́n láti ọ̀la lọ, o ò gbọdọ̀ gorí ẹ̀ láì kágò!"