Ẹni Tó Ń Nu Ìpè Odò Nù

Òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ ní Ògùdù, níbi tí ọ́fíìsì wọn wà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Keziah rí àléébù tó ti ń wá láti oṣù kẹfà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún ìlà kan nínú ètò kọ̀ǹpútà kà.

Òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ odò fún àwọn ará Ajégúnlẹ̀. Bí omi bá kún dé ojú ewu, ẹ̀rọ á pe kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á pa iṣẹ́ yòówù tó ń ṣe tì, fèrè ìkìlọ̀ á dún. Richard, ọ̀gá rẹ̀, ló kọ apá tó ń gba ìpè nínú kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà.

Lóṣù kẹfà, omi wọlé, fèrè kò dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ Sẹ̀kínát, aránṣọ kan ní Ajégúnlẹ̀, ti rì kí ó tó ráyè gbé e. Níbi ìpàdé àwọn onílé, Richard dìde, ó ní ẹ̀rọ Keziah ló bàjẹ́.

"Aunty," ni Sẹ̀kínát wí, "ìwé tí ẹ kà yẹn, ṣé omi ti gbé e lọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Keziah gbé ẹ̀rín náà mì bí egungun ẹja.

Gbogbo ìgbà tó bá dán ẹ̀rọ wò lọ́fíìsì ni fèrè ń dún. Richard á ní ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́n nílé, ó gọ̀ lóko. Lọ́sàn-án yìí, bí ó ti ń ri ẹ̀rọ náà bọ korobá omi ni iná lọ. Fèrè kò dún.

Bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró, bí iná bá ti lọ, kì í yé pè é, okùn wáyà kan náà ni òun àti ẹ̀rọ odò sì fi ń pè. Ètò Richard á dá bátìrì lóhùn, á wá nu gbogbo ìpè tó kù lórí okùn náà nù, láìbéèrè ẹni tó tún pè. Wọn kò dán an wò rí láìsí iná. Bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ̀ pé òjò ní ń mú iná lọ ní Ajégúnlẹ̀?

Keziah tún ìlà náà kọ, fèrè dún. Ó pe Richard wá wò ó. Ọkùnrin náà kà á títí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Keziah, jẹ́ kó mọ sáàárín wa. Ó ṣáà ti ń ṣiṣẹ́."

"Ọ̀gá, mo ti tún ètò ṣe. Ẹ̀yin ló kù."

Keziah ti ránṣẹ́ pe àwọn onílé fún ọjọ́ Sátidé, ó sì ti ní kí wọ́n gbé àga Sẹ̀kínát síwájú. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé.

Richard jẹ àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní òtítọ́, ó sì jẹ Keziah ní orúkọ rere rẹ̀. Lórí ìdúró, lójú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín, ni yóò ti san án.