Ẹ Má Pè Mí Mọ́

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Maricel gbé gìtá wọ yàrá ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kí n tì í síta. Àrùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ọsibítù ńlá ní Dubai sì rán olórin sí mi! Mo ní, "Sister, oògùn la wá gbà, a ò wá ṣe pátì." Ọmọ Filipino náà rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn, kí òun máa fi orin tu aláìsàn lára, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?

Ṣùgbọ́n Kàfáyàt, ọmọ ọdún méje tó ti kọ oúnjẹ, tó kọjú sí ògiri, gbọ́ gìtá, ó yí orí padà. Mo sún àga fún Maricel.

Maricel bi mí pé orin wo ni mo máa ń kọ fún un nílé. Orin kẹ̀? Èmi tí mò ń wọ bọ́ọ̀sì láti Al Nahda lọ tajà ní Deira lójoojúmọ́? Oríkì nìkan ni mo mọ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ sílé ìwé, á kúnlẹ̀, màá ní, "Àbẹ̀ní!" Á ní, "Mà!" Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ tí ìyá pè tí kò jẹ́, ẹ̀kọ́ ilé ni kò ní.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wá ń ṣe é. Maricel á máa ta gìtá, èmi á máa ki ọmọ mi, òun á máa jẹ́. Lọ́jọ́ kan, Maricel gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé Kàfáyàt láyà, ó gba lílù ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn àwa méjèèjì. Mo rò pé ara ìtọ́jú ni. Rasheed, ọkọ mi, mọ̀ pé ohun ìrántí ni. Ó lọ sunkún nínú mọ́tò.

Nígbà tó yá, dókítà ní kò sí oògùn mọ́, kí a jẹ́ kó sinmi. Kó sinmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Lọ́dọ̀ wa, pípè là ń pe ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ìyá ìyá mi dákú rí ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi oríkì pariwo mọ́ ọn títí ó fi lajú. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ojú Kàfáyàt bá fẹ́ pa dé, màá ké, "Àbẹ̀ní o! Àbẹ̀ní, má lọ!" Á tiraka, á ní, "Mà." Maricel ní kí n rọra, kí orin lè mú un sùn. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo pè é, kò jẹ́. Mo tún pè é, mo mì í lẹ́sẹ̀. Ó lajú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́. Ó ti rẹ̀ mí." Ó mí díẹ̀. "Tí mi ò bá jẹ́, ṣé ẹ máa bínú?"

Yéè, èmi Lateefat! Mo mọ ọmọ í kọ́, mo kọ́ ọ tán.

Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Mi ò ní bínú."

Rasheed di ọwọ́ mi mú. Maricel ń ta gìtá jẹ́jẹ́. Ojú ọmọ mi pa dé. Gbogbo ara mi ń sọ pé, pè é, pè é. Mo gé ètè mi jẹ, mi ò pè é. Kó tó di ìrun Àsárì, ó ti lọ.

Maricel fi ohun tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọ́n ní á máa tù mí nínú. Irọ́ ni. Bí Rasheed bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń ṣí i. Ohùn agídí mi ló máa ń kọ́kọ́ jáde, tó ń ké Àbẹ̀ní, Àbẹ̀ní, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré lábẹ́ ẹ̀. Kò sí ìpè kan tí kò jẹ́. "Mà." "Mà."

Mo máa ń yára pa fóònù náà, kí ọmọ mi lè sinmi.