Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Ìyàwó Mi

Kì í ṣe pé ó ṣí, ó bó ni. Ká ní ó ṣí ni, ǹ bá tún un lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí... pólíṣì ló bá tépù wá, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí èèpo. Ojú igi wá funfun ní igun kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, ó tó èékánná àtàńpàkò. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ ṣá? Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sún sẹ́yìn, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí mo bá di ojú kan — kò hàn rárá. Ṣé ìyá ìyàwó mi máa wá di ojú kan? Obìnrin tó ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà!

Ó sì ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ó ní òun fẹ́ wá wo ọmọ. Ọmọ kẹ̀? Kọ́bọ́ọ̀dù ló ń bọ̀ wá wò. Bó bá ti wọlé, kó tó jókòó, kó tó gba omi mu, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ dúró sí, á fi ìka kan tọ́ ọ láti iwájú lọ sẹ́yìn, á wá mí kanlẹ̀. "O ṣeun tí o ń tọ́jú rẹ̀, ọkọ ọmọ mi." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá oríyìn ni tàbí ìkìlọ̀. Ọjọ́ tó gbé e fún wa ńkọ́? "Ọmọ tèmi dàgbà nínú yàrá tí nǹkan yìí wà, kò fọwọ́ kàn án rí." Ó wá wo ikùn ìyàwó mi, ó wo èmi náà, bí ẹni pé ọmọ tí wọn ò tíì bí ti ṣẹ̀ ẹ́, èmi sì ni mo rán an.

Ó sì ṣẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ikán... èmi ni mo sọ ọ́ ní Ikán, ìyá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Eyín méjì péré ló hù, nísàlẹ̀, kò sì sí igi tí kò tíì tọ́ wò nínú ilé yìí. Ẹsẹ̀ àga. Rúlà tí mo fi ń wọn aṣọ. Ó wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, nínú gbogbo ohun tó lè dì mú, igun kọ́bọ́ọ̀dù ló yàn. Iwájú orí ló fi gbá a. Kókó so, ẹkún sọ, ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé bá wa. Nọ́ọ̀sì ni, kì í pariwo. Ohùn tó fi ń bá aláìsàn tó kọ oògùn sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀: "Ìwọ lo wà nílé. Jọ̀ọ́, fi nǹkan bo igun yẹn."

Mo fi nǹkan bò ó. Fọ́ọ̀mù, tépù sì wà lórí rẹ̀, èyí tó nípọn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi bí ẹni fẹ́ kó dúró títí láé. Kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin? Èmi télọ̀! Èmi tí kì í gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé e lé etí inú! Ìyàwó mi tún kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ kó tó jáde, pé bí mo bá fẹ́ yọ ọ́ kí ìyá òun tó dé — "Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun ni kí o fẹ́ sí i, kí gọ́ọ̀mù rọ̀, kí o wá máa ká a díẹ̀díẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Mo fà á bí ẹni ń fa okùn kànga.

Àwọn igun yòókù, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí wọn. Wọ́n ká wẹ́rẹ́. Wọ́n ń dán, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó dáa. Ronú. Kò gbọdọ̀ sí gọ́ọ̀mù mọ́, kò gbọdọ̀ sí tépù. Kí lèmi ní? Aṣọ. Fọ́ọ̀mù èjìká! Èyí tí mo yọ lára àwọn kóòtù àtijọ́... ó gba igun yìí bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Ìgbànú aṣọ á wá so wọ́n pọ̀ yíká, aṣọ funfun, kí aró má baà ràn. Mo ń wọn àyà kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò tíì ní oníbàárà tí àyà rẹ̀ tóbi tó báyìí, tí kì í sì í mí. Ó wọ èjìká tán, ó gún régé, ó dà bí ẹni tó ń lọ wá iṣẹ́ sí báńkì.

Ibi tó bó yẹn náà ti wà lábẹ́ èjìká. Kò hàn! Àfi... àfi tí ìyá bá ní kí n ṣí i. Á ní kí n ṣí i. Mo mọ̀ ọ́n.

Tó bá wá wó lu ọmọ ńkọ́? Ikán á fa dúrọ́ọ̀, á gùn ún bí àkàbà — rárá o. Àfi kí n so ó mọ́ ògiri látẹ̀yìn, níbi tí ojú ò tó. Mo ti fi àkísà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ́ kúrò nínú kọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Ikán ń sùn, má jí, jọ̀ọ́ má jí. Mo tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀. Eruku wọ imú mi. Ẹ̀gbẹ́ tó fara ti ògiri rèé, mi ò rí i rí. Ìyá ló sọ fún wa lọ́jọ́ tó gbé e wá: "Inú kọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ gbé e sí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òsì kọjú sí ògiri." Mo rò pé oòrùn ló ń sá fún.

Kí nìyí?

Nǹkan ti jẹ etí igi yìí. Ikán gidi? Rárá, ikán kì í tò báyìí, ó tò bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Eyín ni. Eyín ọmọdé. Ṣùgbọ́n Ikán ò dé ẹ̀yìn ibí rí, eyín tiẹ̀ ò sì tó báyìí; èyí ní ti òkè, ó ní ti ìsàlẹ̀, àlàfo kan sì wà láàárín ti òkè...

Èjí.

Mo mọ èjí yìí! Ojoojúmọ́ ló ń rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́nu ìyàwó mi. Kò fọwọ́ kàn án rí — òótọ́ ni, ẹnu ló fi kàn án. Pólíṣì sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ti fi aṣọ wé ìka, ó fi sùúrù kùn ún wọnú rẹ̀ títí ó fi dán, ó wá yí i sí ògiri. Ìka tó sì máa ń tọ́ ọ lọ sẹ́yìn yẹn... kì í ṣe èmi ló ń ṣọ́. Ó ń wò ó bóyá a ti rí i ni!

Mò ń rẹ́rìn-ín, eruku ń wọ̀ mí lẹ́nu. Mo ń rí ìyá bó ti jókòó sílẹ̀ nígbà náà, ọ̀dọ́bìnrin, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún pólíṣì, ó ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ — ta ló ń bẹ̀rù? ìyá ọkọ rẹ̀? — ọmọ eléjí kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ ẹnu lásán. Àṣé báyìí ló ṣe rí. Àṣé ẹlẹgbẹ́ mi ni.

Géètì ń dún. Òun ni. Ó yẹ kí n dìde, kí n ti kọ́bọ́ọ̀dù padà, kí n gbọn eruku dà nù. Mo ṣì dùbúlẹ̀. Mi ò ní tú àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi í, ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn tó bá ti gba omi mu:

irú pólíṣì wo ni ẹ lò?