Iná Tí Kò Lọ

"Wọ́n ti mú u wá o!"

Ariwo yìí ló máa ń kọ́kọ́ dún létí mi tí mo bá rántí Ọ̀fà. Láti apá Réluwéè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa gba àdúgbò bọ̀ bí òjò, títí gílóòbù pálọ̀ wa yóò fi là yàà. Ohùn Ràfátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló máa ń ròkè jù. Kí ariwo tó rọlẹ̀, ó ti ṣí ìwé padà síwájú mi. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà.

Mo ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Ìhín ni irun orí mi funfun sí. Bàbá ti lọ, ìyá ti lọ. Ó ku èmi àti Ràfátù. Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ ka Àlùkùránì parí lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé, ṣùgbọ́n iná ilé kì í dúró.

"Ìdrís, wá iná kan fún mi, tí kò ní máa jẹ iná bí ará Òjòkú ṣe ń jẹ iṣu!"

Mo fara balẹ̀ ṣà á. Ọmọbìnrin tó ń tajà là mí lóye: wọ́ọ̀tì ni ohun tí iná ń jẹ, lúmẹ́ẹ̀nì ni ìmọ́lẹ̀ tó ń fún ni; kí n má fi oúnjẹ díwọ̀n iṣẹ́. Mo mú èyí tó ń jẹ wọ́ọ̀tì mẹ́jọ péré, tó ní bátìrì nínú, tí sólà lè máa gbà lágbára, tí ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ sórí ìwé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kì í gún ojú. Abdulganiyu, ọmọ àdúgbò wa tó ń lọ sílé, ló bá mi gbé e dé Ọ̀fà.

Àdúrà ni Ràfátù kọ́kọ́ ń rọ̀jò rẹ̀ lé mi lórí. Nígbà tó yá, ó ní, "Iná rẹ yìí ti ń ṣe bàìbàì."

Mo ní kó tẹ bọ́tìnnì kí iná mọ́lẹ̀ sí i. Mo ní kó gbé e sápá òsì, kí òjìji ọwọ́ má bo ìwé. Mo ní kó sún un mọ́ra.

"Mo ti sún un mọ́ra títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìborùn mi!"

Mo ra òmíràn, tó mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n tàn án, lẹ́yìn ìrun Màgíríbì, a jọ wà lórí fóònù. Láàrin ọ̀rọ̀, Ràfátù bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti mú iná lọ! Ìdrís, iná òyìnbó rẹ náà ti kọ́ ìwà iná Ọ̀fà."

Bátìrì ni iná yẹn ń lò. Kò sẹ́ni tó lè mú un lọ.

Hikmat, ọmọ rẹ̀ tó ń bá a gbé, gba fóònù jáde sẹ́yìnkùlé. "Daddy, iná náà ń tàn. Ó ń ta mí lójú gan-an." Ó ní òun ti mú ìyá òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìlọrin. Òun nìkan ni dókítà pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún ń tẹ̀lé e. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn kíkán ló lè dá ìyókù dúró.

"Mummy ò jẹ́ kí n kán an. Wọ́n ní ojú àwọn ò ṣe nǹkan kan, iná ni ò dáa."

"O ò sì sọ fún wọn?"

"Ẹnu mi ò gbà á, sà. Kí n wo ìyá mi lójú, kí n ní ó ń fọ́? Ẹ̀yin lẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá."

Òótọ́ ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá ẹni ló ń sọ ọ́.

Mo kọ ọ́ sórí fóònù, mo pa á rẹ́. Ta ni yóò kà á? Lọ́jọ́ kejì, ohùn Ràfátù wọlé: "Ìdrís, ìgbà wo ni wọ́n máa mú iná yìí wá? Pálọ̀ yìí ṣú jù."

Ọ̀sán gangan ni, ní Ọ̀fà.

Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo fi ohùn ránṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná. Wọn ò mú iná lọ. Àtàná ló ti ń tàn níwájú yín. Ojú yín ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kí Hikmat kán oògùn yẹn sí i lónìí, kí ìwọ̀nba tó kù má bàa tẹ̀lé e. Ibi tí ẹ kà dé, ẹ sọ ọ́ fún mi. Èmi ni n ó máa ka ìyókù sí yín létí."