Ìwé Òkú Tó Wà Lára Géètì Wa

Ní abúlé wa, géètì ilé tí èèyàn ti kú kì í wà láìní ìwé ìkéde òkú. A ó tẹ àwòrán olóògbé sí i, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ tó kú, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Bó bá di ọdún, a ó lẹ tuntun. Ọdún karùn-ún rèé tí Slavcho, bàbá mi, ti ń wò wá láti ibẹ̀.

Àìsàn ìgbàgbé ti kó gbogbo nǹkan lọ lórí Màmá, ṣùgbọ́n kò gba ìwé kíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Àràárọ̀ tí a bá ń lọ ra búrẹ́dì, yóò dúró lẹ́nu géètì, yóò kà á.

"Háà! Slavcho kú? Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ó ti pẹ́, Màmá. Ẹ̀yin lẹ wọ kóòtù sí wọn lọ́rùn ká tó sin wọ́n."

Lójú tirẹ̀, irọ́ ni mo ń pa. Á sunkún títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà á gbàgbé, ilẹ̀ á sì mọ́. Ó sú mi. Mo máa ń jágbe mọ́ ọn nígbà mìíràn, lẹ́yìn náà inú mi á bà jẹ́ sí ara mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ọ̀bẹ, mo ha ìwé náà kúrò.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àǹtí Tsonka, àbúrò Bàbá, dé pẹ̀lú ìwé tuntun lọ́wọ́.

"Vesela! Ta ló ya ìwé ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Gbogbo abúlé á ní a ti gbàgbé wọn!"

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì tiyín. Ilé yín ṣáà ni Bàbá dàgbà sí."

"Wo ẹnu ẹ bíi ti màmá ẹ!"

Ibi tí a ti ń pariwo lórí ara wa ni Màmá ti yọ, ó ń fi épírọ́ọ̀nù nu ọwọ́.

"Tsonka, ṣé o rí Slavcho? Ọbẹ̀ ẹ̀wà ti ń tutù."

Mo wo Àǹtí. Mo mọ̀ pé yóò na ìwé yẹn sí Màmá, ìdààmú á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ìwé náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Wọ́n... wọ́n wà lóko àjàrà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

"Ọkùnrin yẹn! Kì í mọ ìgbà tí ebi ń pa á." Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó sì wọlé. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Àǹtí jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún. "Mo purọ́ mọ́ òkú," ló ń wí.

Mo wọlé. Àwo mẹ́ta ni Màmá tẹ́, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú ló ń bí mi: òun ti rí ọkọ rẹ̀ gbà padà, èmi ni mo ha bàbá mi kúrò lójú ọ̀nà, n kò sì gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí.

Ajá gbó lẹ́nu géètì.

"Òun nìyẹn!" ni Màmá wí.

Èmi tí orí mi pé, mo ti gbójú wo géètì kí n tó rántí.