Àkójọ Èèwọ̀ Aṣọ́bodè

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, nítorí pé kò sí ohun tí kì í wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé ó dára. Bó bá ti ilẹ̀kùn, yóò fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá kọ lẹ́tà, yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì tún bi ẹni tó jókòó tì í bóyá ọjọ́ tó kọ sórí rẹ̀ tọ̀nà. Kò kàwé jìnnà. Ọdún kejì ló fi ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, tó sì fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹni tó dá kọ́ṣẹ́ kì í tètè fọkàn balẹ̀; ìgbà gbogbo ló ń rò pé ojú ewé kan wà níbì kan tí àwọn yòókù ti kà, tí òun fò.

Mẹ́rin péré ni wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà, nínú yàrá méjì lókè ilé ìtajà bàtà. Ètò tí àwọn aláìsàn fi ń gba ọjọ́ tí dókítà yóò rí wọn ni wọ́n ń ṣe fún ilé ìwòsàn kan. Inú àká kan lórí ẹ̀rọ ayélujára ni gbogbo kóòdù wọn wà, àká yìí kì í sì í gbàgbé. Ohun tí o bá kó sínú rẹ̀ lónìí, bí o tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lọ́la, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń wò yóò ṣì bá a nínú ìtàn rẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù méjì àti ààbọ̀ sẹ́yìn, Kíákíá, tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù láàárín wọn, gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà kan sínú kóòdù, ó sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àká. Ọlọ́run yọ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló rí i. Ọ̀gá wọn, obìnrin tí kì í pariwo ṣùgbọ́n tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ju ariwo lọ, pe Ẹ̀ẹ̀mẹta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń dán ọ wò," ó ní. "Ṣe nǹkan tí kò ní jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ mọ́. Òun ni màá fi mọ̀ bóyá màá gbà ọ́ pátápátá."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe ètò kékeré kan, ó sọ ọ́ ní Aṣọ́bodè. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó iṣẹ́ sínú àká, Aṣọ́bodè yóò kọ́kọ́ yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ohun tó bá dà bí kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ìlà gígùn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kan fi ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rọ mìíràn, yóò dá a padà.

Ó ṣiṣẹ́, àfi pé ó ṣe é jù. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó dá Kíákíá padà lẹ́ẹ̀méje, nítorí pé nọ́ńbà káàdì àwọn aláìsàn náà gùn.

"Àbúrò, aṣọ́bodè rẹ yìí, kí ni mo fi ṣe é?" Kíákíá figbe ta. "Àfi bíi pé mo gba ìyàwó ẹ̀!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe."

"Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tú àpò mi bíi pé mo jí ṣíbí? Bó bá tún dá mi padà, ojú fèrèsé ni màá gbà wọlé. Ká wo ẹni tó máa mú mi."

Ó sì lè ṣe é, nítorí pé àṣẹ kan wà tí èèyàn fi ń fo Aṣọ́bodè kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta mọ̀ pé aṣọ́bodè tí gbogbo ayé ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé kò yàtọ̀ sí ère. Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó ka kọ́kọ́rọ́ tí ilé-iṣẹ́ ní gan-an, ó jẹ́ mọ́kànlá, kì í ṣe méjìlá. Ó kọ wọ́n sínú fáìlì kan tó pè ní Àkójọ Èèwọ̀, ó sì ní kí Aṣọ́bodè má dá ohun mìíràn dúró. Nígbà tó fẹ́ kó fáìlì náà wọlé, Aṣọ́bodè dá òun alára padà. Ẹ̀rín pa á. Ó ní kó má yẹ fáìlì yẹn wò, ó sì kó o wọlé. Láti ọjọ́ náà, àlàáfíà jọba. Kíákíá tilẹ̀ ra bisikíìtì fún un.

Báyìí ni oṣù mẹ́ta ṣe pé. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, wọn yóò ṣí àká fún àwọn olùyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ Ẹ̀ẹ̀mẹta ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá, ó ku kó fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó gbà á tọmọtọmọ sí pálọ̀ rẹ̀, ti pè lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀.

Ní aago méjìlá, ó ti yẹ ohun gbogbo wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí òun gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣe sílẹ̀ de àwọn àlejò, kí òun fi ojú wọn wò ó. Fáìlì tó wà lókè pátápátá, nítorí pé lẹ́tà A ló fi bẹ̀rẹ̀, ni Àkójọ Èèwọ̀. Ó ṣí i.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó tilẹ̀ ti kọ orúkọ ilẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í mú. Kíákíá gbàgbé ẹyọ kan. Òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ to mọ́kànlá. Fóònù dún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni.

"Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dáràn." Ó sọ ọ́ fún un ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Ṣé àlejò kankan ti rí i?"

"Rárá."

"Pa á rẹ́! Nu ẹnu, jókòó. Ṣebí mo ti gé apá aṣọ ìyàwó kan sódì rí, mo lẹ òdòdó bò ó, wọ́n ní ó rẹwà."

"Àká kì í gbàgbé. Inú ìtàn ẹ̀ ló máa wà."

"Ta ló máa wá ìtàn kiri?"

"Iṣẹ́ àwọn tó ń bọ̀ laago méjì nìyẹn."

"Ó dáa. Kọ́kọ́ jẹun ná."

Kò jẹun. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: kọ́kọ́rọ́ tó bá ti wọ àká, pípààrọ̀ rẹ̀ nìkan ni oògùn rẹ̀, kò sì lè dá pààrọ̀ wọn láìsọ. Ó kanlẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn."

Ó ṣàlàyé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Kíákíá ti bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ikùn. "Wọ́n ní kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá há ògiri ìta!"

"Ìwọ dákẹ́," Ọ̀gá ní. "Ariwo ẹ ló lé e débẹ̀. Jókòó, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn."

Kíákíá ń pààrọ̀, Ẹ̀ẹ̀mẹta dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Láàárín wákàtí kan, mẹ́wàá ti pé. Ẹnì kẹrin wọn, ayàwòrán ojú ètò wọn tó máa ń ki ẹ̀rọ ìgbọ́rin bọ etí, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rárá. Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tó ń ṣí ìwé orúkọ àwọn aláìsàn. Olórí àwọn olùyẹ̀wò ilé ìwòsàn nìkan ló lè pààrọ̀ rẹ̀.

"Màá pè é," Ọ̀gá ní.

"Ẹ jẹ́ kí n pè é, mà."

Ó pè. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohùn obìnrin tó dáhùn le bí òkúta.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, mà."

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi náà ni, mà."

"Ẹ ò ní ẹni tí ẹ fẹ́ dá lẹ́bi ni?"

"Ó wù mí, mà, àmọ́ mo wá a, n ò rí."

Ohun kan dún lórí fóònù, bóyá ikọ́ ni, bóyá ẹ̀rín ni. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló gbà kó tó pè padà. Ó ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì ti wo àkọsílẹ̀ àwọn tó lò ó. Ẹ̀rọ tiwọn nìkan ló wọlé. "Àmọ́ n ò wọ inú àká yẹn lónìí," ó ní. "Ó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ tún ilé yín ṣe."

Ọ̀gá ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ láìfọwọ́ sí i.

"Oṣù kan sí i," ó ní. "Kọ́ Aṣọ́bodè láti mọ ìrísí kọ́kọ́rọ́: ohun tó fi ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe gùn tó. Kò nílò kọ́kọ́rọ́ gan-an lọ́wọ́. Bó bá ti dá ẹrù rere padà, Kíákíá á sọ fún ọ, láìpariwo."

"Láìpariwo kẹ̀?" Kíákíá bi í.

"Láìpariwo."

Ẹ̀ẹ̀mẹta dé ibi tábìlì rẹ̀, ó bá a pé Kíákíá ti wọ́ àga síbẹ̀.

"Nọ́ńbà káàdì aláìsàn ni ká fi bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Lẹ́tà méjì kan náà ló máa ń ṣíwájú ẹ̀. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tó ní in."

Ẹ̀ẹ̀mẹta wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ yìí wá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ṣé o bi mí ni?"

"Ẹ̀ ń pariwo!"

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀," Kíákíá gbà, ó sì sún kíbọọ̀dù sí i.